Oníbodè Nìkan Kò Tó: Bí Ìdìbò Èkìtì Ṣe Bá Ìkọlù Orí Ayélujára Pàdé

Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 18, oṣù kẹfà, ọdún 2022, àwọn ará Èkìtì dìbò yan gómìnà. Ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀ fún Odò-Orò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkọ̀lé, náà ni wọ́n là sílẹ̀ fún gbogbo ibùdó ìdìbò 2,445 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti ka ìbò tán lójú gbogbo ènìyàn, alábòójútó ibùdó á kọ èsì sínú fọ́ọ̀mù EC8A, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú á buwọ́ lù ú, alábòójútó á sì fi ẹ̀rọ BVAS ya fọ́tò fọ́ọ̀mù náà. Fọ́tò yẹn á gba orí ayélujára lọ sí ìkànnì kan tí àjọ elétò ìdìbò, INEC, pè ní IReV. Ọmọ Odò-Orò tó wà ní London tàbí Houston kò ní láti tẹ ẹnikẹ́ni láago kó tó mọ bí wọ́n ṣe dìbò ní àdúgbò bàbá rẹ̀. Bó bá ti mú wọ́ọ̀dù àti ibùdó, ìwé náà á yọ sí i lójú, pẹ̀lú àmì ìka àti ìbọwọ́lùwé tó wà lórí rẹ̀.

Abíọ́dún Oyèbánjí ti ẹgbẹ́ APC ló wọlé pẹ̀lú ìbò 187,057. Ṣẹ́gun Òní ti SDP ní 82,211, Bísí Kọ́láwọlé ti PDP sì ní 67,457. Ìròyìn ìdìbò náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun àná nígbà tí ọ̀rọ̀ mìíràn jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn. Alága INEC nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mahmood Yakubu, sọ pé àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ àjọ náà jábọ̀ pé wọ́n kọlu ìkànnì IReV lọ́pọ̀ ìgbà nígbà ìdìbò Èkìtì àti ti Ọ̀ṣun tó tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 16, oṣù keje. Ó ní àwọn kan nínú ìkọlù náà wá láti ọ̀nà jíjìn, títí dé ilẹ̀ Éṣíà, àmọ́ pé gbogbo rẹ̀ ló já sí pàbó.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ka ìròyìn yẹn, wọ́n sì rékọjá. Síbẹ̀, ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí ènìyàn dúró tì. Olè tó wọlé a máa fi ibi tó tú hàn. Èyí tí kò ráyè wọlé ńkọ́? Báwo ni ẹni tó jókòó sí Àbújá ṣe mọ̀ pé ẹnìkan láti Éṣíà ti ilẹ̀kùn, tí ilẹ̀kùn kò ṣí?

Kò sí apá ibi tí ìbéèrè yìí ti yẹ kó dun ènìyàn tó ìhà àríwá Èkìtì. Àwọn tó dàgbà tó láti rántí ọdún 2009 mọ ìdí rẹ̀. Ìdìbò gómìnà ọdún 2007 ti gbé Ṣẹ́gun Òní, ọmọ Ìfàkì ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Òsì, dórí àga. Káyọ̀dé Fáyẹmí, ọmọ Ìsàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, gba ilé ẹjọ́ lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó jókòó sí Ìlọrin pàṣẹ pé kí wọ́n tún ìbò dì ní wọ́ọ̀dù 63 ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá. Wọ́n tún un dì ní ọjọ́ 25, oṣù kẹrin. Gbogbo ojú wá kọ sí Ìdó-Òsì, nítorí èsì ibẹ̀ ló kù tí yóò pinnu ẹni tó wọlé, èsì náà sì ni àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ń jà sí. Kọmíṣánnà INEC ní ìpínlẹ̀ náà, Ìyáàfin Àyọ̀ká Adébáyọ̀, kọ̀wé fipò sílẹ̀ pé ẹ̀rí ọkàn òun kò gba ohun tí wọ́n fẹ́ kí òun ṣe. Kò pẹ́ tó tún padà sẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì kéde ní ọjọ́ 5, oṣù karùn-ún pé Òní ló wọlé. Ó di ọjọ́ 15, oṣù kẹwàá, ọdún 2010 kí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tó dá Fáyẹmí láre.

Ìwé ni gbogbo ìjà yẹn dá lé. Ìwé kúrò ní ibùdó, ó dé wọ́ọ̀dù, ó dé ìjọba ìbílẹ̀, ó dé Adó-Èkìtì, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó dé òpin ìrìn àjò náà ni ohun tó kúrò níbẹ̀rẹ̀. IReV, tí INEC kọ́kọ́ lò níbi àtúndì ìbò kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Násáráwá ní oṣù kẹjọ ọdún 2020, wá láti mú ojú ọ̀nà yẹn kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà. Fọ́tò ti lọ kí mọ́tò tó gbéra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sá kúrò lójú ọ̀nà Ìdó sí Adó ti bọ́ sójú ọ̀nà mìíràn nìyẹn, èyí tí gbogbo ayé ń gbà kọjá, tí kò sì sí ṣọ́jà kankan tó lè dúró síbẹ̀.

INEC fúnra rẹ̀ ti tọ́ èyí wò. Ní ọjọ́ 28, oṣù kẹta, ọdún 2015, ọjọ́ ìdìbò Ààrẹ gan-an, àwọn kan tó pe ara wọn ní Nigerian Cyber Army já ìkànnì àjọ náà gbà, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ tiwọn sí ojú rẹ̀. INEC gba ìkànnì náà padà. Ohun tó yẹ kí ènìyàn kíyè sí ni pé irú ìkọlù yẹn ni ara ìta máa ń rí kí ẹ̀rọ tó sọ ọ́, nítorí pé ẹni tó ṣe é fẹ́ kí wọ́n rí i. Àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n rí wọn ni iṣẹ́ wà lórí wọn.

Ìlú Yorùbá àtijọ́ kò gbẹ́kẹ̀ lé odi nìkan. Oníbodè wà lẹ́nu ibodè, tó ń wo ẹni tó ń wọlé àti ẹrù tó rù, tó sì ń gba owó ibodè. Alóre sì wà, ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ ọ̀nà jíjìn, kó sì ké bó bá rí ohun tó yẹ kí ìlú gbọ́. Iṣẹ́ méjì ni. Oníbodè lè dá ẹnìkan padà kó má sì sọ fún ẹnikẹ́ni, alóre kò sì ní agbára láti ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó ń ṣọ́ ìkànnì ayélujára pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé iṣẹ́ méjì náà ló wà níwájú wọn.

Oníbodè ti ayélujára ni wọ́n ń pè ní fáyáwọ̀ọ̀lù. Èyí tó kọ́kọ́ jáde kì í wo ju ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá àti ilẹ̀kùn tó ń lọ. Bí ìkànnì kan bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí IReV ṣe ṣí i, irú oníbodè bẹ́ẹ̀ kò ní ohun púpọ̀ láti ṣe, nítorí pé ẹnu ọ̀nà tí òǹwòran ń gbà wọlé náà ni olè ń gbà. Láti ìparí ọdún 1998 ni wọ́n ti ń kọ̀wé lórí bí ènìyàn ṣe lè tẹ àṣẹ sínú àpótí tó yẹ kó tẹ orúkọ sí, kí ibi ìpamọ́ ìsọfúnni sì ṣe ohun tí àṣẹ náà wí. Ìdí nìyẹn tí irú fáyáwọ̀ọ̀lù kejì fi jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní WAF, tó ń ka ọ̀rọ̀ tí àlejò mú wá gan-an, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì. Èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ jù, nítorí pé ọ̀fẹ́ ni, ni ModSecurity tí Ivan Ristic gbé jáde ní ọdún 2002. Àwọn òfin tí wọ́n ń fi sínú rẹ̀ jù ni Core Rule Set, tí àjọ OWASP ń tọ́jú.

Ti alóre dàgbà ju èyí lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, onímọ̀ ìràwọ̀ kan, Clifford Stoll, ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní Califọ́níà. Ètò ìṣirò owó méjì tó ń ka iye àkókò tí àwọn ènìyàn fi lo kọ̀ǹpútà kò bára mu. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ sẹ́ǹtì 75. Ẹlòmíràn ìbá fi sẹ́ǹtì 75 sílẹ̀. Stoll tọ ipa rẹ̀, ó sì rí i pé ẹnìkan ń wọlé tí kì í ṣe ará ilé. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan, ó kó àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, ó so wọ́n mọ́ okùn tẹlifóònù tó ń wọ inú kọ̀ǹpútà náà, kí gbogbo ohun tí àjèjì náà bá tẹ̀ lè wà lórí bébà. Ọgbọ́n tó wà nínú bébà yẹn kò kéré. Ẹni tó bá ti wọ inú kọ̀ǹpútà lè pa àkọsílẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n kò lè na ọwọ́ jáde láti Jámánì wá ya bébà ní Berkeley. Lẹ́yìn náà ni Stoll ṣètò kí ẹ̀rọ kékeré kan tó so mọ́ ara rẹ̀ máa dún nígbàkúùgbà tí àjèjì náà bá wọlé, ìbáà jẹ́ òru. Nígbà tí wọ́n tọ ipa náà dópin, Markus Hess ni, ní ìlú Hannover, tó ń ta ohun tó bá rí fún àwọn amí ilẹ̀ Soviet.

Ohun mẹ́ta tí Stoll ṣe yẹn ṣì ni ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà títí di òní: ó kọ ohun tó ń lọ sílẹ̀, ó gbé àkọsílẹ̀ náà sí ibi tí ọwọ́ olè kò tó, ó sì jẹ́ kí àkọsílẹ̀ náà jí òun lójú oorun.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lónìí nìyí. Gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá bèèrè ojú ìwé kan lọ́wọ́ ìkànnì, WAF á kọ ìlà kan sílẹ̀: àkókò, àdírẹ́sì ibi tí ìbéèrè ti wá, ohun tó bèèrè, òfin tó ṣẹ̀ bó bá ṣẹ̀ kankan, àti ìdáhùn tí wọ́n fún un. Nọ́ńbà 200 túmọ̀ sí pé wọ́n fún un ní ohun tó fẹ́. 403 túmọ̀ sí pé wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà. 500 túmọ̀ sí pé ilé fúnra rẹ̀ ló kọsẹ̀. Bí ẹnìkan bá bèèrè fọ́tò, tó wá fi àmì tó-tò-tó kún un láti gun òkè jáde kúrò nínú àpò fọ́tò lọ sínú àpò mìíràn, òfin kan wà tó mọ ìṣe yẹn. Bí ó bá tẹ àṣẹ sínú àpótí orúkọ, òfin mìíràn wà. Nínú Core Rule Set, òfin kọ̀ọ̀kan ní máàkì tirẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wúwo jù gba máàkì 5, àlejò tí máàkì rẹ̀ bá sì ti pé 5, wọ́n á dá a padà, bí alábòójútó kò bá yí iye yẹn padà.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣètò èyí a máa fẹ́ kí gbogbo ìlà tó bá ní 403 di ìkìlọ̀ lórí fóònù òun. Ní ọjọ́ kìíní, inú rẹ̀ á dùn. Ní ọjọ́ kẹta, á pa fóònù. Alóre tó bá ń ké nígbàkúùgbà tí ewúrẹ́ bá kọjá, ìlú kò ní jí fún un lọ́jọ́ tí ogun bá dé. Nítorí náà, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà a máa kọ́kọ́ jẹ́ kí WAF ṣọ́ láì lé ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí wọ́n lè mọ bí ọjọ́ lásán ṣe rí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kó ìlà jọ ní ìdìpọ̀: bí àdírẹ́sì kan bá gba 403 lọ́nà ogún, ká ní, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ìwé ìkìlọ̀ kan ṣoṣo jáde, kì í ṣe ogún. Èyí tó yẹ kó jí ènìyàn lóru ni bí àdírẹ́sì tó ti ń gba 403 láti ẹ̀ẹ̀kan bá ṣàdédé gba 200. Ilẹ̀kùn kan ti lè ṣí nìyẹn. Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun náà ni ìdákẹ́jẹ́. Bí ìkànnì kan bá yẹ kó máa rí àlejò ní gbogbo ìṣẹ́jú, tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì ní ìlà kankan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó yẹ kí agogo dún. Alóre lè ti sùn, tàbí kí wọ́n ti pa á.

Iye tí ènìyàn máa fi sí gbogbo èyí kò ṣe é kó láti ilẹ̀ òkèèrè láìwo ilẹ̀ tí a wà. Ní Nàìjíríà, fóònù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wọ ayélujára, ilé iṣẹ́ fóònù a sì máa kó ọ̀pọ̀ oníbàárà pọ̀ sábẹ́ àdírẹ́sì kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ní kí wọ́n ti àdírẹ́sì pa nítorí ìbéèrè tó pọ̀ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó mọ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, ní wákàtí tí gbogbo wọn ń wá èsì. Èyí tó tún jọ ẹ̀fẹ̀ ni ti èdè wa. Core Rule Set ní ìpele ìfura mẹ́rin. Ní ìpele kẹta, òfin kan wà tó ń fura sí lẹ́tà èyíkéyìí tó bá ti kọjá àwọn lẹ́tà tí Gẹ̀ẹ́sì ń lò. Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ń fi ọ̀wọ̀ kọ ẹ, ọ àti ṣ yín pẹ̀lú àmì, ọ̀daràn ni yín lójú òfin yẹn. Ọlọ́run nìkan ló mọ iye ọmọ Yorùbá tí ìkànnì kan ti dá padà nítorí pé ó kọ orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Ó yẹ kí ẹni tó bá ń ṣètò ìkànnì fún àwọn ènìyàn wa yọ òfin náà kúrò, tàbí kó dúró ní ìpele tó rẹlẹ̀.

Àkókò náà ńkọ́? Àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ a sábà máa lo aago àgbáyé, èyí tó fi wákàtí kan lẹ́yìn aago Nàìjíríà. Ìdìbò tó parí ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán á jẹ́ 13:30 nínú ìwé. Bí aago ẹ̀rọ méjì kò bá sì bára mu, agbẹjọ́rò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á fi ìṣẹ́jú mẹ́ta ìyàtọ̀ tú gbogbo ẹ̀rí ká níwájú adájọ́.

Kì í ṣe pé àwọn tó lówó kì í kọsẹ̀ níbí. Ilé iṣẹ́ Equifax ní Amẹ́ríkà, tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè àwọn ènìyàn, ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ohun tó ń wọlé àti èyí tó ń jáde. Ìwé ẹ̀rí tí ẹ̀rọ náà fi ń ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n dì ní àṣírí ti kọjá àkókò, ẹnikẹ́ni kò sì tún un ṣe fún oṣù 19. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2017 ni àwọn olè ti wà nínú ilé. Ní ọjọ́ 29, oṣù keje, wọ́n tún ìwé ẹ̀rí náà ṣe, ìkìlọ̀ sì dún lójú ẹsẹ̀. Ìsọfúnni nípa nǹkan bíi mílíọ̀nù 147 ènìyàn ti lọ. Ní ọdún yẹn kan náà ni OWASP fi àìtó àkọsílẹ̀ àti àìṣọ́ rẹ̀ kún àwọn ewu mẹ́wàá tó ga jù fún ìkànnì.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Lẹ́yìn ìdìbò Ààrẹ ti ọjọ́ 25, oṣù kejì, ọdún 2023, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ àti ọrọ̀ ajé orí ẹ̀rọ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Isa Pantami, kéde iye ìkọlù tí wọ́n rí ní àwọn ọjọ́ tó yí ìdìbò náà ká: 12,988,978. Ó ní ìkọlù sí àwọn ìkànnì ìjọba a máa tó nǹkan bíi 1,550,000 lójúmọ́, ṣùgbọ́n ó fò sókè sí 6,997,277 lọ́jọ́ ìdìbò. Ó dárúkọ irú wọn: ìkún-omi ìbéèrè tó ń fẹ́ kí ìkànnì dákú, ìgbìyànjú láti mọ ọ̀rọ̀ ìwọlé, àṣẹ tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ sínú àpótí, gígun àpò dé àpò, àti wíwá ojú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò fi han àlejò. Ó ní wọ́n dí wọn lọ́nà, tàbí wọ́n fi tó àwọn tó yẹ létí.

Kò sí ìdí láti sọ pé mínísítà parọ́. Nọ́ńbà náà fi hàn pé ẹnìkan ń ka àkọsílẹ̀, èyí sì tó ìyìn. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ènìyàn mọ ohun tí irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ ń kà. Kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó bá ń gbìyànjú ọ̀rọ̀ ìwọlé lè kọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà sílẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹnìkan ni, ìlà ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń ti ilẹ̀kùn lójoojúmọ́ kò tilẹ̀ mọ̀ pé Nàìjíríà ló ń ti. Ẹ̀rọ tó ń yí gbogbo ayé ká ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni àdírẹ́sì tó bá jáde láti Éṣíà kò sọ pé ará Éṣíà ló jókòó sídìí rẹ̀, nítorí pé ọmọ àdúgbò lè yá kọ̀ǹpútà tó wà níbẹ̀ láti inú yàrá rẹ̀. Ohun tó wúlò nínú ìkéde náà ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ lásán àti ọjọ́ ìdìbò, tó ju ìlọ́po mẹ́rin lọ. Mílíọ̀nù méjìlá àti àbọ̀ lé jẹ́ ohun tí ìwé ìròyìn lè fi ṣe àkọlé. Iye tó wà nínú wọn tó kan ìkànnì èsì ìdìbò, àti iye tó gba 200 lẹ́yìn 403, ni ìbéèrè tí àkọ̀ròyìn yẹ kó bi í.

Ọjọ́ yẹn gan-an ló sì fi hàn pé ìkìlọ̀ tó kọjú síta nìkan kò tó. Ní ọ̀sán ọjọ́ 25, àwọn alábòójútó ibùdó káàkiri orílẹ̀-èdè gbìyànjú láti fi fọ́tò èsì ránṣẹ́. Ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin méjèèjì ń wọlé. Ti Ààrẹ kò wọlé. INEC kéde lọ́jọ́ kejì pé ìṣòro ẹ̀rọ ni, pé kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀tẹ̀. Nínú ìròyìn tó gbé jáde ní ọdún 2024, ó ṣàlàyé sí i: ìdìbò aṣòfin ní ìpínlẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ ẹkùn kan ṣoṣo fún ìdìbò Ààrẹ, ètò náà kò sì mọ àpò tó yẹ kó kó fọ́tò sí, nítorí náà ó ń dá àṣìṣe ẹ̀rọ padà. Ó di nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí fọ́tò èsì Ààrẹ àkọ́kọ́ tó wọlé.

Ẹni tó bá ti fọkàn bá àlàyé àwọn nọ́ńbà lọ á mọ ibi tí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń wà: láàárín àwọn ìlà 500. Ibi tí ìkọlù ń wà náà ni, nínú ìwé kan náà. Ará ìlú gbọ́ iye ìkọlù títí dórí ẹyọ kan, kò sì tíì gbọ́ iye ìgbà tí ìkànnì náà dá BVAS padà láàárín ọ̀sán yẹn àti alẹ́, tàbí ìṣẹ́jú tí ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ nípa rẹ̀ dún. Àwọn wákàtí wọ̀nyẹn sì ni ìgbẹ́kẹ̀lé ọ̀pọ̀ ènìyàn bá lọ. Ẹni tó jókòó sí ibùdó, tó ń wo alábòójútó bó ṣe ń tẹ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kẹ́ta, lẹ́ẹ̀kẹrin, kò mọ ìyàtọ̀ láàárín 403 àti 500. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni Ìdó-Òsì. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tó dájọ́ ní ọjọ́ 26, oṣù kẹwàá, ọdún 2023 pé àìgbé èsì sórí IReV kò tó láti sọ ìdìbò di asán. Òfin ti sọ tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́kẹ̀lé kì í ṣe ohun tí ilé ẹjọ́ lè dá.

Kò ṣòro láti tún èyí ṣe, kò sì gba owó tuntun. Òfin ìkìlọ̀ tó ń ka 403 náà ló lè ka 500: bí ìdá kan nínú mẹ́wàá gbogbo ìbéèrè bá ń gba 500 fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí agogo dún, kí a sì sọ fún ará ìlú láàárín wákàtí kan, kì í ṣe lọ́jọ́ kejì. Kí wọ́n fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ náà pamọ́ sí ibi tí àjọ náà fúnra rẹ̀ kò ti lè fọwọ́ kàn án mọ́, gẹ́gẹ́ bí bébà Stoll. Ilé ẹ̀kọ́ gíga Fásitì Ìjọba Àpapọ̀, Ọ̀yẹ́-Èkìtì, tó ní ọgbà sí Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Kò sí ìdí tí irú wọn kò fi lè wà lára àwọn tó ń ka ìwé náà, bí àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú ṣe ń dúró ti kíka ìbò.

INEC ti kéde ọjọ́ 20, oṣù kẹfà, ọdún 2026 fún ìdìbò gómìnà Èkìtì. Ní Odò-Orò, bíi ti àwọn ibùdó yòókù, aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀ ni ètò ìdìbò máa ń bẹ̀rẹ̀. Nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ, 07:30 ni yóò jẹ́.